Ẹ̀sùn Ọgọ́rin àti Líìkì Mẹ́ta

Lọ́jọ́ tí ìròyìn jáde pé wọ́n fi ẹ̀sùn ọgọ́rin kan ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Wansport Albion, ẹ̀gbọ́n mi Norman Hepple kò lè jẹun. Páì méjì ni ọkùnrin yìí jẹ níbi ìsìnkú ìyá wa, ó tún bèèrè bóyá ó kù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó síwájú mi nínú ilé ọtí mi ní Fellgarth, ó wọ jẹ́sì Albion aláwọ̀ àlùkò tí kò gba ikùn ẹ̀ mọ́, ó ń fi ìka ti ọ̀dùnkún díndín káàkiri inú àwo.

Ẹ̀sùn náà ò ṣòroó yé èèyàn. Àwọn tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù nílẹ̀ wa sọ pé kí ẹgbẹ́ kankan má ná ju owó tó bá wọlé fún un lọ. Wọ́n ní ọ̀gá tó ni Albion ń ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀, ó ń kó owó fún ẹgbẹ́, wọ́n wá ń pe owó ọ̀hún ní owó ìpolówó. Wọ́n ní kóòṣì ń gba owó oṣù kan lójúde, ó tún ń gba òmíràn lẹ́yìnkùlé. Gbogbo ọdún tí èyí fi ń lọ, Albion ń gba ife bí ẹni ń ká aṣọ lórí okùn.

"Ìlara ni," Norman wí. "Ìlara lásán! Wọn ò lè nà wá lórí pápá, ni wọ́n bá lọ gba lọ́yà."

Ọkọ mi, Cuthbert Dodds, wà ní ìdí káńtà, ó ń nu ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Hexley Town ni tiẹ̀, ẹgbẹ́ kékeré kan tí òrùlé pápá rẹ̀ ń jò. Albion ló gbá góòlù méje wọlé wọn lọ́jọ́ tí wọ́n já wálẹ̀ sí ìpele kejì, wọn ò sì tíì gòkè padà. Láti ọjọ́ náà, bí Cuthbert bá ti rí àwọ̀ àlùkò, kódà kó jẹ́ lára aṣọ bíṣọ́ọ̀bù, inú á máa bí i.

"Àna mi àtàtà," ó wí, ohùn ẹ̀ dùn jù. "Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ kíá, kí gbogbo wa sinmi."

"Ta ni kó kúnlẹ̀? Ṣé èmi ni mo kówó ni?"

"Háà! Lọ́jọ́ tí ẹ nà wá ní góòlù méje, ṣebí ẹ̀yin lẹ gbá a? Ẹ ní 'a nà yín, a gbo yín mọ́lẹ̀.' Ọ̀rọ̀ wá dé orí owó, ẹ ní ẹ ò sí nílé."

"Góòlù ni kó o wò, Cuthbert. Owó ò lẹ́sẹ̀, owó ò lè gbá bọ́ọ̀lù."

"Ẹsẹ̀ tí wọ́n fowó rà ló gbá a."

"Nǹkan tó bá dára, ó dára! Bí ọbẹ̀ bá dùn, ṣé wàá máa bèèrè ọ̀nà tí adìyẹ gbà dénú ìkòkò ni?"

"Bó bá jẹ́ adìyẹ tèmi ni, màá bèèrè dáadáa."

Shirley Pyle, opó tó máa ń jókòó sẹ́bàá iná pẹ̀lú ajá ẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹfirí àti agbábọ́ọ̀lù, gbórí sókè. "Ọgọ́rin kẹ̀? Ó mà pọ̀ o. Bó bá jẹ́ méjì ni, ǹ bá ní wọ́n ṣèèṣì."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Norman fọwọ́ lu tábìlì. "Ẹ̀rí dà? Ẹ mú ẹ̀rí wá! Ẹnikẹ́ni tí kò bá ní ẹ̀rí, kó lọ fi ẹnu ẹ̀ mu bíà."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, látìgbà òtútù títí di ìgbà ooru. Èmi ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, àwọn tó ń tìtorí bọ́ọ̀lù mutí ni mo fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró pẹ́ lẹ́yìn káńtà á gbọ́ràn yé. Bí Cuthbert ṣe ń pariwo òfin tó yẹn, mo mọ̀ pé ká ní ọlọ́rọ̀ kan fẹ́ da owó sórí Hexley Town lọ́la ni, òun ló máa bá a gbé àpò.

Gbogbo ariwo yìí, kì í ṣe Albion ló wà nísàlẹ̀ ọkàn Norman. Ife bàbá wa ni.

Awakùsà ni bàbá wa, Joseph Hepple. Tó bá ti jáde láti inú ilẹ̀, ìdí líìkì ẹ̀ ló ń lọ tààrà, àlùbọ́sà gígùn yìí tí àwa ará Fellgarth ń gbìn títí á fi nípọn bí apá géńdé. Nígbà tó kú, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dáwó jọ, wọ́n ra ife fàdákà kan, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí i, wọ́n ní kí ẹni tí líìkì rẹ̀ bá tóbi jù máa gbà á lọ́dọọdún. Ilé ọtí mi yìí ni ìdíje ọ̀hún ti ń wáyé, ní oṣù kẹsàn-án. Orúkọ gbogbo ẹni tó ti gbà á wà lára ẹ̀. Àtìgbà tí Norman ti wà lọ́dọ̀ọ́ ló ti ń díje, kò gbà á rí. Orúkọ Cuthbert, tó jẹ́ pé láti abúlé kejì ló ti wá fẹ́ mi, wà níbẹ̀ nígbà méje. Lọ́dọọdún, Norman á fi àtàǹpàkò nu orúkọ bàbá wa, á ní, "Èyí tó ń bọ̀ ni tèmi."

Lẹ́yìn ti ọdún yìí, èyí tó ń bọ̀ kò sí mọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ti ta ilẹ̀ oko tí wọ́n yá gbogbo wa lẹ́yìn ojú irin. Ta ló rà á? Wansport Albion. Wọ́n fẹ́ kọ́ pápá fún àwọn ọ̀dọ́ wọn, orí ebè líìkì wa ni wọn ó sì máa gbé mọ́tò sí. Nígbà tí Norman gbọ́, ó ní, "Ìlọsíwájú ni." Ó wá lọ dúró sínú oko ẹ̀ nínú òjò títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé, àánú ẹ̀ ṣe mí débi tí ọ̀dùnkún fi jóná mọ́ mi lórí iná. Ọkọ mi ni Cuthbert, mo fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà méje tó èèyàn. Ọdún yìí, mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gba ife bàbá ẹ̀.

Nítorí ojúkòkòrò ni òǹtẹ̀ ṣe wà nínú ìdíje líìkì. Àwa tí à ń gbin líìkì mọ ara wa. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì á lọ ra líìkì ńlá lọ́wọ́ àgbẹ̀ ọ̀nà jíjìn, á gbé e wá sórí tábìlì, á ní òun lòun gbìn ín. Nítorí náà, bí ìdíje bá ti ń sún mọ́lé, ìgbìmọ̀ á yan ẹnì kan, á máa lọ láti oko dé oko, á lu òǹtẹ̀ mọ́ ara líìkì gbogbo ẹni tó fẹ́ díje nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú ilẹ̀. Líìkì tí kò bá ní òǹtẹ̀ ò gbọdọ̀ dé orí tábìlì. Ọwọ́ olóòǹtẹ̀ nìkan ló sì gbọ́dọ̀ lù ú. Ọdún yìí, Norman ni wọ́n yàn.

Ọjọ́ tí wọ́n mú fún òǹtẹ̀ lílù bọ́ sí ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ bọ́ọ̀lù ní àwọn fẹ́ sọ ibi tí ẹjọ́ Albion dé. Norman bẹ̀rẹ̀ láti oko Shirley Pyle, nítorí pé òun ló wà lẹ́nu géètì. Líìkì Shirley ò nípọn ju ìka lọ. Síbẹ̀, Norman kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan, ó yọ ọ̀kan dànù nítorí pé ara ẹ̀ là, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ àwọn tó kù. Ibi tó dé nìyẹn tí ẹnì kan fi kígbe láti ojú ọ̀nà pé ìròyìn Albion ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn.

Ó sáré wọ ilé ọtí mi tòun ti bàtà oníẹrẹ̀, ó ba ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù jẹ́. Ó jókòó. Ó rántí pé òǹtẹ̀ wà lápò òun. Cuthbert ló wà nítòsí.

"Gbà," ó wí, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Lọ bá mi lu tàwọn yòókù. Tèmi náà wà níbẹ̀."

"Àna mi, ṣé ó dá yín lójú?"

"Mo ní kó o lọ! Lọ́yà wa ti ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀."

Cuthbert wo òǹtẹ̀ náà lọ́wọ́ ara ẹ̀, ó wò mí, ó dé fìlà, ó jáde.

Ohun tí ìgbìmọ̀ bọ́ọ̀lù wá sọ ni pé àwọn ti sún ẹjọ́ síwájú. Norman fò sókè, ó gbá mi mọ́ra, ó ní kí n bu ọtí fún gbogbo ilé. "A ti borí!"

"Bọ̀ọ̀dá Norman, wọ́n ní àwọn sún un síwájú ni."

"Kí ló wá yàtọ̀ síra níbẹ̀?"

Òǹtẹ̀ náà sùn nílé wa lọ́jọ́ yẹn. Ó sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀. Nígbà tí ìdíje wá ku ọ̀la, mọ́tò kan wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn wa, nọ́ńbà ẹ̀ kì í ṣe ti apá ọ̀dọ̀ wa. Cuthbert gba ẹrù kan níbẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà. Mo bi í pé kí nìyẹn, ó ní ajílẹ̀ ni. Mo wo ajílẹ̀ tí wọ́n fi àpò tútù wé bí ọmọ tuntun, mo sì padà sídìí ìkòkò mi.

Ní ọjọ́ ìdíje, aṣọ dúdú la tẹ́ sórí tábìlì, kí ara líìkì lè máa tàn. Abúlé mìíràn ni adájọ́ gbọ́dọ̀ ti wá. Ọ̀gbẹ́ni Lisle ló wá, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín nígbà iṣẹ́. Norman wọ kóòtù, ó so táì bàbá wa mọ́rùn. Líìkì mẹ́ta tó gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, n ò rí irú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ rí: wọ́n gùn, wọ́n funfun, wọ́n tọ́. Àwọn èèyàn ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí wọ́n tó wọn ohunkóhun. Ó ń wò mí láti ọ̀ọ́kán bí ìgbà tó wà lọ́mọdé tó bá ti he owó.

Lẹ́yìn náà ni Cuthbert ṣí aṣọ lórí tiẹ̀.

Gbogbo ilé dìde láti wò ó. Ajá Shirley pàápàá dìde. Líìkì mẹ́ta náà nípọn bí itan, èèyàn ò sì lè fojú yà wọ́n sọ́tọ̀.

Norman sún mọ́ tábìlì. "Níbo ni wọ́n ti wá?"

"Nǹkan tó bá dára, ó dára," Cuthbert fèsì.

"Mo rí tìẹ lóko! Wọn ò tó ọwọ́ ọmọ ìkókó!"

"Ìlara ni, àna mi. Ẹ ò lè nà mí lórí tábìlì, ẹ fẹ́ gba lọ́yà."

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Norman, ẹ̀rí dà?" Ẹ̀rín bú gbàù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí omijé fi ń bọ́ lójú wọn. Norman ò rẹ́rìn-ín.

"Òfin ni òfin!" ó ń ké. "Èèyàn ò kàn lè fowó ra ohun tí àwọn ẹlòmíì fi òógùn wá! Ẹni tó bá rẹ́ni jẹ, kí wọ́n gba ife lọ́wọ́ ẹ̀, kí wọ́n lé e!"

"Norman," Shirley bi í jẹ́jẹ́, "ṣé ìwọ náà nìyí?"

Ọ̀gbẹ́ni Lisle gbé líìkì Cuthbert sókè sí iná, ó yí i, ó rí òǹtẹ̀. Ó ní ta ni olóòǹtẹ̀. Norman ní òun ni.

"Ṣé ọwọ́ ara yín lẹ fi lu gbogbo èyí tó wà lórí tábìlì yìí?"

Mo rí i bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń rò ó. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ife di ti Cuthbert nígbà kẹjọ. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, tiẹ̀ náà kúrò lórí tábìlì, kò sì sí ọdún mìíràn mọ́. Gbogbo ìgbà tó fi ń gbèjà Albion kò lọ lásán, ó ti kọ́ ọ̀nà kẹta.

"Mo lu gbogbo ẹ̀," ó wí, "àfi àwọn mẹ́ta yìí. N ò mọ bí òǹtẹ̀ ṣe dé ara tiẹ̀."

Cuthbert yíjú sí Norman. Kí ló fẹ́ wí? Bó bá ní Norman ló fún òun ní òǹtẹ̀, ó ti jẹ́wọ́ pé òun lòun lù ú nìyẹn. Kò lè gbé e mì, kò lè pọ̀ ọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Lisle gbé líìkì ńlá mẹ́ta náà sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó wọn àwọn tó kù, ó ní Norman Hepple ló gba ipò kìíní. Àtẹ́wọ́ sọ. Wọ́n gbé ife fún Norman, ó fi àtàǹpàkò wá orúkọ bàbá wa, ó rí i, ó bú sẹ́kún. Kí n má purọ́, èmi náà sunkún. Mo sọ nínú ara mi pé ó parí, kó lọ bẹ́ẹ̀. Olè mú nǹkan lọ́wọ́ olè, kí ló kàn mí?

Shirley ló bà á jẹ́, kò sì mọ̀. Ó dìde pẹ̀lú líìkì ẹ̀ tí kò nípọn ju ìka lọ níwájú ẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wa lọ. "Ó tọ́ sí i!" ó wí. "Ọmọ Joseph ni lóòótọ́. Ẹ ò rí bó ṣe yẹ tèmi wò! Ó yọ ọ̀kan dànù nítorí ojú ibi tó là, kò wo tojú mi rárá. Ó ní òfin ò mọ̀ pé opó ni mí."

Bó ṣe wà lẹ́nu ẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Lisle yíjú sí mi, bí wọ́n ti í ṣe kí ife tó jáde nílé. "Ìyá onílé, ṣé ìdíje yìí mọ́?"

Ọkọ mi wò mí. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó di ife mú sáyà. Mo lè sọ pé ó mọ́. Ṣùgbọ́n mo wo Shirley, ó ṣì ń pàtẹ́wọ́.

"Kò mọ́," mo wí. "Oko Shirley nìkan ni Norman lù. Ibí yìí ló jókòó sí lẹ́yìn náà, ó ń wo Albion, ojú mi ló ṣe gbé òǹtẹ̀ fún ọkọ mi. Líìkì ọkọ mi, inú mọ́tò ló ti sọ̀ kalẹ̀ lánàá. Ó ní ajílẹ̀ ni."

Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Èmi rí i lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú ojú mi. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Lisle kó líìkì gbogbo èèyàn kúrò lórí tábìlì, títí ó fi ku ti Shirley, ó sì gbé ife Joseph Hepple fún un. Shirley ní, "Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ni mo fẹ́ fi wọ́n sè." Norman tú táì bàbá wa lọ́rùn, ó kì í bọ àpò, ó jáde, kò dé fìlà.

Láti ìgbà náà ni àwọn ọkùnrin méjèèjì ti dọ̀rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tí kò lè jókòó pọ̀ kí ilé má gbóná, wọ́n wá ń jókòó nídìí tábìlì kan náà lójoojúmọ́, wọ́n sì kẹ̀yìn sí mi. Tí Cuthbert bá fẹ́ iyọ̀ nílé, ó máa ń sọ fún afẹ́fẹ́. Shirley fi ife sójú fèrèsé ẹ̀, ó gbin òdòdó sínú ẹ̀. Mo máa ń gba ibòmíì kọjá.

Ọjọ́ Albion náà pé. Ìgbìmọ̀ bọ́ọ̀lù ní wọ́n jẹ̀bi, wọn ó sì gba ife lọ́wọ́ wọn. Ọ̀sán ni, ilé kún. Mo ń wo Cuthbert, torí mo mọ̀ pé ó ti ń gbàdúrà fún ọjọ́ yìí láti ọdún tí Hexley ti já. Mo ní bóyá inú ẹ̀ á dùn, bóyá á gbàgbé, á pè mí lórúkọ. Ẹni tó ń ka ìròyìn wá sọ pé obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì Albion fúnra rẹ̀ ló jáde wá sọ òótọ́.

Norman gbé ife bíà ẹ̀ kalẹ̀. "Ọ̀dàlẹ̀," ó wí. "Ilé tó ń jẹ nínú ẹ̀ ló tú yẹn."

Mo dúró de ọkọ mi. Cuthbert mi orí.

"Irú wọn ò lè rójú rere láéláé," ó wí. "Ta ló tiẹ̀ ní kó sọ̀rọ̀?"

Wọ́n gbé ife lu ife.

Mo jáde láti ẹ̀yìn káńtà. Mo gbé ife Norman, mo gbé ti Cuthbert, ọtí ṣì wà nínú méjèèjì. Mo dà á sínú korobá tí mo fi ń nu ilẹ̀. Mo ní ilé ọtí ti tì.

"Ọ̀sán gangan yìí?" Cuthbert bèèrè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó bá mi sọ̀rọ̀ tààrà láti ọjọ́ ìdíje.

"Avril," ẹ̀gbọ́n mi wí, ó gbójú sókè sí mi, "kí la ṣe fún ẹ?"

Kò fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.